Ọmọ Tí Mo Fi Rúlà Wọ̀n Nínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Oúnjẹ, nínú lẹ́tà yìí, ni ohunkóhun tó bá gba ẹnu ọmọ ọwọ́ kọjá tí kì í ṣe omi ọmú. Omi lásán wà nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ṣíbí tẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi ọsàn tí o ní ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ní kí o máa kán sí i lẹ́nu náà wà nínú rẹ̀. Oògùn tí dókítà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò sí nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ là á sílẹ̀ báyìí kí n tó kí ọ, nítorí pé ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì ń bi mí pé ṣé omi ìyẹ̀fun àgbàdo tó ṣàn gerere bí omi náà ń jẹ́ oúnjẹ. Mo ní oúnjẹ ni. Ó ní ó dáa, kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ó wá ku kíkí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àtẹ̀gùn ilé tí ẹ ń gbé ńkọ́, tí o ní ẹ máa ń gùn ún títí èémí yóò fi fẹ́ ṣẹ́? Ọ̀gá Kékeré ńkọ́, ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́, ẹni tí mi ò tíì fojú kàn rí àfi nínú fóònù? Ọlọ́run tó fi í ta wá lọ́rẹ yóò dá a sí. Ọmú rẹ kò ní gbẹ, ara rẹ kò ní rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ yóò fi ojú àánú wò ọ́. Àwa náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń sọ̀rọ̀ tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé mi ò ráyè. Adìẹ ìyá rẹ pa ọmọ mọ́kànlá, àṣá ti gbé méjì. Ibi tí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ti ń jò, mo ti dí i pátápátá, ó ti wá lọ ń jò ní ibòmíràn.

Jọ̀wọ́, bá mi kí obìnrin inú fóònù rẹ, ẹni tí o ní ó máa ń kọ̀wé sí ọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé ọ̀sẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ yìí ni ó yẹ kó máa yí ara padà. Obìnrin náà ṣe ènìyàn. Ẹni tó lè máa rántí ọmọ ọlọ́mọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì fo ọ̀kan kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ìyá rẹ ní kí o bi í pé ọmọ mélòó ni òun náà bí, kí á lè mọ bí a ó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lọ́hùn-ún ni o pè wá tí o ń sunkún. O ní ìsinmi ìbímọ rẹ ti fẹ́ tán, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni wàá padà sẹ́nu iṣẹ́. O ní Ọ̀gá Kékeré ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin àbọ̀, ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ó ń jẹ ìka ara rẹ̀, tí o bá sì ń jẹun, ńṣe ló máa ń tẹjú mọ́ ẹnu rẹ bí ẹni tí wọ́n gbé abọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. O ní àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ní kí o ti máa fún un lóúnjẹ kí ikùn rẹ̀ lè kún kó sùn, ilé ìwòsàn ní kí o dúró. O wá bi wá pé ìgbà tí o jẹ́ ọmọ oṣù mélòó ni àwa bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí o parí ọ̀rọ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta ni, kí o wo ara rẹ nínú dígí bóyá nǹkan kan ṣe ọ́. Èmi ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó. O mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti fi ń ṣe káfíńtà, mi ò sì gé pákó rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé mo ti ń wọn ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ fi í hàn wá nínú fóònù tó ń fojú hàn, tí o tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, mo ti gbé rúlà irin mi lé e, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Íǹṣì mẹ́rin géérégé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi, ní ojú ewé tí mo kọ ìwọ̀n fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ sí, mo sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún wọ̀n ọ́n. Íǹṣì mẹ́ta ó lé díẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ ìyá rẹ tó di fóònù mú ló gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí o pè tí o ń sunkún yẹn, bí ìwọ àti ìyá rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Íǹṣì méjì àbọ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Má rò pé bàbá rẹ ti ń ṣarán. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ ènìyàn tó gùn ní íǹṣì mẹ́rin. Mo mọ̀ pé fóònù máa ń sọ nǹkan di kékeré, bí àwọn tó ń yàwòrán ilé ṣe máa ń ṣe, tí wọn yóò fi íǹṣì kan lórí bébà dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lórí ilẹ̀, tí a ó sì tẹ̀ lé e kọ́ ilé tí ògiri rẹ̀ kò ní wọ́. Ohun tí mo gbà ní tèmi ni pé iye tí fóònù bá fi dín ọmọ kù lónìí, iye yẹn náà ni yóò máa fi dín in kù títí láé. Bí fóònù kò bá wá yí padà tí ìwọ̀n yí padà, a jẹ́ pé ọmọ ló yí padà. Ọmọ tó jẹ́ mẹ́rin tó di méjì àbọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ mi, ó ti pàdánù ju ìdá mẹ́ta ara rẹ̀ lọ. Mo jókòó lórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han ìyá rẹ, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní òun sọ ọ́, omi ọmú nìkan kì í gbé ọmọ ọkùnrin dìde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti yan àgbàdo, ó ti yan ẹ̀pà, ó ti gún ẹja gbígbẹ mọ́ ọn, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ bá dẹ́rẹ́bà tó máa ń kó igi wá fún mi, ó gba àyè iwájú fún ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọ̀la. Ó ní o kò gbọdọ̀ gbọ́. Tí o bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, òun yóò máa po ìyẹ̀fun náà fún ọmọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, òun yóò sì fọ ṣíbí kí o tó dé. Ìgbà tí ọmọ bá ti kún bámúbámú, ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa bi òun pé kí ni òun ṣe. Mo jẹ́wọ́ fún ọ níhìn-ín pé mo gbà. Èmi ni mo di àpò náà mú nígbà tó ń rán ẹnu rẹ̀ pa.

Òǹtẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mo rò pé bí ọkọ rẹ tàbí dókítà yín bá ká ìyá rẹ mọ́, ó yẹ kó ní ìwé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ya ojú ewé yẹn kúrò nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo tún gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kọ dáadáa, mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wa lọ pé kó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi télọ̀ tẹ̀ lé mi. Ó ní ọkùnrin kì í lọ jẹ́rìí òun nìkan. Ó tún ń bá mi jà lójú ọ̀nà pé mo ti ṣe iṣẹ́ náà ní ìdàkudà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé téèpù aṣọ ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn, ohun tí kò ní mí mọ́ ni wọ́n ń fi rúlà wọ̀n, kí n má sì gbàgbé ohun tí òun mọ̀ pé mo máa ń kàn tí mo bá ń fi rúlà wọn ènìyàn. Mo ní kó panu mọ́.

Iyàrá náà kún. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kí wọ́n ti gbé wá fún mi tipẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n gbé kọ́ sára àjà, ó ní ìkọ́ àti àpò aṣọ tí ẹsẹ̀ ọmọ ń yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ìwé mi fún nọ́ọ̀sì. Ó kà á, ó tún kà á. Ó wá rọra bi mí pé, Baba, ṣé ọmọ aláǹgbá ni ẹ wọ̀n ni. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ, láti orí rúlà dé orí àwòrán ilé. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, ó rẹ́rìn-ín títí fíríìjì fi ń mì. Télọ̀ bá a rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò tíì yé e. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ń sún kì, ṣé bó ṣe máa rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì nu ojú rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó ní kí télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wò ó nínú fóònù kí n sì wọ̀n ọ́n. Télọ̀ jẹ́ íǹṣì márùn-ún. Ó ní kí télọ̀ máa lọ sí ìdí géètì. Mo tún wọ̀n ọ́n. Íǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé ebi ló pa télọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí géètì. Télọ̀ pariwo láti ọ̀hún, ó ní kí a sọ iye tó kù nínú òun. Mo ní íǹṣì kan lé díẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ kó tó tán pátápátá.

Nọ́ọ̀sì bi mí bí o ṣe di fóònù mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní o tẹ̀ ba ọmọ náà, a tilẹ̀ ń gbọ́ èémí rẹ. Lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Mo rántí pé o gbé fóònù lé tábìlì. Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? O gbé e sójú fèrèsé, o ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, ọmọ wà lókè ọ̀hún lórí ibùsùn. Bí òótọ́ ṣe wọlé sí mi lára nìyẹn, ọmọ mi. Ọmọ kò sún kì. Fóònù ló ń jìnnà sí i. Nǹkan ń ṣàn lójú mi, mo ní lẹ́búlẹ́bú igi ni. Télọ̀ ní inú ilé ìwòsàn la wà, kò sí ayùn níbí.

Nọ́ọ̀sì wá béèrè bóyá a ní káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí. Mo fi àwòrán tí ọkọ rẹ fi ránṣẹ́ hàn án. Mo ti rí káàdì yẹn tipẹ́, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tó fa ìlà inú rẹ̀ kò ní rúlà nílé, nítorí pé ó wọ́ bí ọ̀nà orí òkè. Àṣé kò yẹ kó gún. Àmì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà yẹn ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé ọmọ kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìlà tiwa ń bá àwọn ìlà tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀ gòkè pọ̀. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní ọmọ yìí ń gòkè dáadáa, kò sí ibi tó ti wálẹ̀, omi ọmú ìyá rẹ̀ ló sì gbé e dé ibi tó dé. Ọmọ mi, omi ọmú rẹ. Mo fẹ́ kí o ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé ìyókù, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí kò gba òǹtẹ̀ yẹn. Ó ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni, kò yẹ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé dókítà ló sọ ọ́, kò sì yẹ kó pẹ́ jù, nítorí pé tó bá ti di oṣù mẹ́fà, omi ọmú nìkan kì í tó ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n kí a má kàn ka oṣù, kí a wo ọmọ náà pẹ̀lú. Ṣé ó lè jókòó tí a bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn, kí ọrùn rẹ̀ sì dúró ṣinṣin? Ṣé ó lè rí nǹkan, kó nawọ́ mú un, kó sì gbé e sẹ́nu fúnra rẹ̀? Tí a bá fi nǹkan rírọ̀ sí i lẹ́nu, ṣé yóò gbé e mì, àbí ahọ́n rẹ̀ yóò tì í jáde? Ahọ́n tó ń ti nǹkan jáde kì í ṣe ìwà burúkú, ẹ̀ṣọ́ ni, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí inú ilé yóò fi gba àlejò. Mo wá béèrè nípa bó ṣe ń jí lóru, bó ṣe ń jẹ ìka, bó ṣe ń wo ẹnu rẹ. Ó ní ọmọ ọjọ́ orí yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ebi oúnjẹ kọ́. Ó ní bó bá jí, ọmú ni kí o fún un. Ó tún ní bí ọmọ ṣe ń wo ẹnu rẹ yẹn, tí o bá ń ka ìwé ìròyìn yóò wo ìwé ìròyìn náà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní torí ìyẹn fún un ní ìwé ìròyìn jẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan iṣẹ́ mi, tí inú mi sì dùn débi pé mo dìde dúró. Tí a bá fi gúlúù so ẹsẹ̀ àga mọ́ ìjókòó rẹ̀, láàárín wákàtí kan, tí o bá fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ. Oníbàárà tó ń kánjú yóò ní òun fẹ́ máa gbé e lọ. Ìta ló gbẹ. Inú ihò tí ẹsẹ̀ wọ̀ ṣì tutù. Bí ó bá jókòó lé e lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ní ṣubú, àga náà yóò gbé e, yóò sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ ti yẹ̀ nínú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó. Mo sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìfun ọmọ, inú rẹ̀ ṣì ń gbẹ. Ó ní òun yóò máa fi sọ fún àwọn ìyá. Télọ̀ ní aṣọ náà ń sún kì tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Mo sáré délé. Mo rò pé ìyá rẹ yóò bá mi yọ̀ pé ọmọ kò sún kì. Ó yọ̀ lóòótọ́, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun yóò ṣì gbé ìyẹ̀fun náà lọ. Ó ní nọ́ọ̀sì tí mò ń wí yẹn, òun ló pọ̀n ọ́n lẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ta ni yóò wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ. Ó ní oṣù mẹ́ta ni ìwọ jẹun, o sì ka ìwé débi tí ìwé parí sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo kọ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti ní ọmọ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ lè máa yàgbẹ́ gbuuru, ìyá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n dúró ná.

Ọmọ mi, ó ti ní kí n kọ èyí fún ọ, òun ni kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí o pé oṣù mẹ́ta, ilé iṣẹ́ tí ìyá rẹ ti ń rán àpò ní kó padà wá tàbí kó máa gbélé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ènìyàn lè fún omi ọmú sínú ife. Ó fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ lóúnjẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni o fi yàgbẹ́. Ojú rẹ wọnú, o kò lè sunkún dáadáa mọ́. Wọ́n ní eyín ló ń bọ̀. Èmi wà níbi tí mo ti ń ṣe òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan ní oṣù yẹn, ìyá rẹ kò sì ránṣẹ́ sí mi kí ọkàn mi má bàa dàrú lórí òrùlé. Nígbà tí mo dé, mo gbé ọ sókè, mo ní ọmọ yìí mà ti ga. Mi ò mọ̀ pé o rù ni. Láti ìgbà yẹn ni ìyá rẹ ti ń sọ pé oṣù mẹ́ta ni o jẹun, ó sì dára. Ó ń sọ ọ́ sókè kí òun fúnra rẹ̀ lè gbọ́. Mo sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi tọ́ ọ, ọwọ́ náà sì mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló mú sísọ́ọ̀sì, ó já òwú ẹnu àpò náà fúnra rẹ̀. Ó da ìyẹ̀fun sínú ike, ó ní tàwa méjèèjì nìyẹn. Mo ti mu ún láàárọ̀ yìí. Ó dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mu ún tán ni mo gbọ́dọ̀ jókòó kí n sinmi, mo sì ronú kan ọmọ oṣù mẹ́rin.

Ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́la o. Òun ló mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́. Kí n tó mọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti ṣíwájú mi dé ilé ìwòsàn, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó ń mì yẹn, ó ní kí ọmọ tí òun pọ̀n wá kọ́ òun. Nọ́ọ̀sì ní kí o máa fún omi ọmú sínú ife tó ní ìdérí kí o tó lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tí o bá dé, kí o fọ ọwọ́ àti ife náà dáadáa, kí o gbé e sínú fíríìjì, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ìyá rẹ yóò gbé ife náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò ní gbé e sórí iná. Mo béèrè pé ṣé òtútù fíríìjì kò ní wọ ọmọ náà lára. Nọ́ọ̀sì ní kò ní wọ̀ ọ́. Mo tún béèrè pé ṣé fíríìjì yín mọ̀ pé ti ọmọ ni. Ó ní kí o kọ ọjọ́ sára ife. Mo gbà pé ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ fún un.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣọ́ ìyá rẹ. Ọmọ yóò sunkún, ìwọ kò ní sí nílé, ọwọ́ yóò máa yún un. Ó ti ṣèlérí fún mi, mo sì mọ̀ pé yóò mú un ṣẹ. Tí o bá dé láti ibi iṣẹ́, fi káàdì yẹn hàn án, fi ìka rẹ̀ tọ ìlà náà lẹ́yìn, kó lè rí i pé ó ń gòkè.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mò ń kan àga tí Ọ̀gá Kékeré yóò ti máa jẹun, tó ga dé tábìlì, tó ní ìdènà níwájú. Mo ti ra igi tó gbẹ dénú. Ohun tí mi ò ní ni ìwọ̀n rẹ̀, n kò sì tún ní gba ìwọ̀n kankan láti inú fóònù mọ́ láyé. Gbé e jókòó, fi òwú wọ̀n ọ́n láti ìdí dé kòtò orúnkún, ta á ní kókó, fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ dẹ́rẹ́bà. Tí ọwọ́ rẹ bá ròkè, fi owó díẹ̀ mọ́ ọn fún tìmùtìmù àti ọ̀dà tí kì í pa ọmọ lára, nítorí pé yóò lá àga náà, gbogbo ọmọ ló ń lá àga. Tí ọwọ́ rẹ kò bá ròkè, fi òwú nìkan ránṣẹ́.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o ti ń tọ́ ọ yìí, wàá jókòó jẹ oúnjẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè fún ọ.

Mo ti wo kàlẹ́ńdà. Ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ náà, tí o bá ti rí i pé ọrùn rẹ̀ dúró tó sì ń gbé nǹkan sẹ́nu, fún un lọ́mú díẹ̀ ná kí ebi má pa á jù. Kí ẹ fọ ọwọ́. Ẹ se ọ̀dùnkún kan títí yóò fi rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi omi ọmú pò ó kó dán, ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má sì fi oyin sí ohunkóhun tó bá ń jẹ títí yóò fi pé ọdún kan. Ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọmú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Tí ó bá tì í jáde, ẹ nù ún lẹ́nu, ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún dán an wò. Tí ó bá yí ojú kúrò, ó ti yó, ẹ má fi ipá mú un. Kí ìwọ jókòó, gbé e lé itan rẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kí o sì jẹ́ kí ìyá rẹ di ṣíbí mú.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.